Òtútù Tí Mo Ròyìn Fún Àlàkẹ́

Àlàkẹ́ ọmọ Àjàní, ará Bantè.
Àlàkẹ́ ọmọ ebè rìbìtì tí í fi orí pàdé òjò.
Ọmọ a-wuṣu-má-dá-a-lọ́rùn.
Ọmọ a-jí-kí-ará-ọ̀nà, kí ará ọ̀nà tó kí i.
Àlàkẹ́ tí kò bí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ṣófo.
Sùn re o, Àlàkẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá tó bí àwa méjèèjì kú nígbà tí wọn kò tíì já mi lẹ́nu ọmú, Àlàkẹ́ sì gbé mi pọ̀n. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni nígbà náà. Ó pọ̀n mi lọ sóko, ó pọ̀n mi lọ sódò, ó pọ̀n mi títí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lọ sílé ọkọ. Nígbà tí òun náà wá lọ, kò rí ọmọ bí, ó sì padà sílé baba wa. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá gbọ́, á yíjú sí wọn, á ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná." Ọmọ tó ń wí yẹn, èmi ni.

Nínú ilé wa, ọmọ òkú ló ń kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú sàréè. Bó bá ti bù ú, á pe òkú náà sókè: "Ìyá mi," tàbí "Baba mi." Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù á tó bu tiwọn. Ẹni tí kò bá bímọ, ẹni tó pọ̀n dàgbà ló ń pè é. Bí onítọ̀hún kò bá sí níbẹ̀, wọn á bò ó láìsí ìpè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin Ṣadé, ìyàwó àbúrò baba wa, a sì wà níbẹ̀, Àlàkẹ́ àti èmi. Bí a ti ń padà sílé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju ẹkún lọ.

Nígbà tí mo kúrò nílé, Dàhómì ni wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè wa. Savalou ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lọ́dọ̀ Baba Ràfíù, ará Nàìjíríà tó ń ta epo mọ́tò àti kẹrosíìnì. Baba Ràfíù ní fíríìjì kan tó ń fi kẹrosíìnì ṣiṣẹ́. Àlàkẹ́ á wá ná ọjà Savalou pẹ̀lú èlùbọ́ rẹ̀, á yà sọ́dọ̀ wa, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan inú fíríìjì náà, á sì yára fà á padà.

"Kí ló wà nínú àpótí yìí tó ń bínú báyìí?"

"Omi lásán ni, Àlàkẹ́," Baba Ràfíù á wí. "Mu díẹ̀."

"Kí eyín kan mí? Ẹ mu ún, ẹ̀yin tí eyín yín ti bàjẹ́."

Òtútù tí òun mọ̀ nìyẹn.

Bí mo ṣe dé ilẹ̀ Faransé, kò pọn dandan kí n sọ ọ́. Ìlú tí mo bá ara mi wà láàárín àwọn òkè, òjò dídì funfun sì wà lórí wọn. Mo mọ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa la ètè, kì í wọ eegun. Èyí wọ eegun. Èéfín ń jáde lẹ́nu mi nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, mo sì ń pa ẹnu mọ́ kí ohun tó wà nínú mi má baà tán.

Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fún mi, ní lábò kan tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí. Ní àárọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan, mo rí agolo ńlá tí èéfín ń bo lórí rẹ̀, tó ń ṣàn wá sílẹ̀. Ilé wa ni wọ́n ti kọ́ mi pé kò sí èéfín láìsí iná. Mo ké, "Fó! Fó!" bí wọ́n ṣe ń pe iná ní Faransé létí mi, mo gbé garawa omi, mo sáré. Ọkùnrin kan dì mọ́ mi lẹ́yìn kí n tó dà á.

"Ìwọ fẹ́ pa wá?" ó ní. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi garawa náà ń dà sí bàtà àwa méjèèjì. "Òtútù ló ń rú èéfín yẹn. Òtútù!"

Lárábì lorúkọ rẹ̀, ará Àlùjéríà, òun ló ń bójú tó àwọn nǹkan tútù ilé náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Panápaná. Bí a bá sì wà níbi oúnjẹ, tí ọbẹ̀ bá ń rú èéfín, á sún abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, á ní, "Panápaná, gbà wá o!" Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé òtútù ní ìpele bí àtẹ̀gùn. Omi dídì wà lókè. Àsọ́ọ̀tì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti mú tutù títí ó fi di omi, wà nísàlẹ̀ rẹ̀ réré. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni élíọ́mù wà, afẹ́fẹ́ mìíràn tí wọ́n sọ di omi, níbi tó jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kí òtútù fúnra rẹ̀ tán. Nígbà tó yá, wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa ran Lárábì lọ́wọ́ láti máa rọ wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá rọ élíọ́mù tí kò fò dànù, Lárábì wo ìwọ̀n, ó wo ojú mi, ó ní, "Ó dára." Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà torí pé mi ò lè jókòó.

Màdáàmù Kolẹ́tì la ń rọ ọ́ fún. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, onímọ̀, tí kì í fi ohun irin kankan sọ́wọ́ tàbí sọ́rùn. Mo bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ níjọ́ kan, mo rò pé yóò fi ọwọ́ gbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ńṣe ló fa àga fún mi.

"Èérún irin ló wà nínú ìgò yìí," ó ní. "Wọ́n kéré débi pé bí o bá to ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kò ní nípọn tó irun orí kan. Òòfà kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ooru, wọ́n ń yí kiri, kò sí èyí tó mọ ibi tó kọjú sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òòfà ńlá fà wọ́n, tí òtútù sì mú wọn níbẹ̀, gbogbo wọn á kọjú sí ibì kan náà. Lẹ́yìn náà a ó mú òòfà ńlá kúrò, a ó sì máa ṣọ́ wọn."

"Ẹ ó máa ṣọ́ wọn ṣe kí ni?"

"Kí a lè mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó gbàgbé."

Ìlà kan ló ń jáde lára ẹ̀rọ, á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́ láti kà á. Wọ́n á kọ́kọ́ máa gbàgbé kíákíá, lẹ́yìn náà ìgbàgbé náà á máa falẹ̀. Ìwọ̀n tó lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí o bá fẹ́ kí irú rẹ̀ tún lọ, o ó dúró dé ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, dé ẹgbẹ̀rún. Kì í tán, kì í sì í dúró. Bí òtútù bá ṣe pọ̀ sí i tó ni ìrántí wọn ṣe ń pẹ́ sí i tó.

Ìlà náà a máa fò sókè lójijì bí mo bá ti súnmọ́ ẹ̀rọ. Màdáàmù Kolẹ́tì tú ẹ̀rọ wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n jáde, ìlà tẹ́jú. Ó ní kí n wọlé, ìlà fò.

"Ìwọ ni!" ó ní. "Kí lo fi sára?"

Ẹ̀gbà irin ni, tí Àlàkẹ́ ní kí alágbẹ̀dẹ rọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí kò kúrò lọ́wọ́ mi rí. A fi ọṣẹ yọ ọ́. Mo fi í sínú àpótí aṣọ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń wọ̀ ọ́ padà bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Nígbà tó yá ó di ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tó tún yá, mo ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń wá nǹkan mìíràn nínú àpótí. Àlàkẹ́ kò béèrè rẹ̀ rí, n kò sì sọ.

Èèyàn a máa rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìrántí ilé ń kúrò lára ẹni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ ni púpọ̀ lọ: òórùn èlùbọ́ tó ń gbẹ lórí àpáta, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ti oko bọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ti odò. Lẹ́yìn náà ó falẹ̀. Orúkọ kò lọ. Títí di òní mo lè ka gbogbo ilé tó wà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọjà Bantè, àti ẹni tó wà nínú wọn. Ohùn wọn ló lọ. Orílẹ̀-èdè wa tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ lẹ́yìn mi. Mo dé iwájú akọ̀wé kan tó gbé ìwé mi sókè, ó ní, "Dàhómì? Kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo ní, "Mùsíò, mo mọ̀ ọ́n." Ó ní, "Nígbà náà, níbo lo ti wá?" Mo ní Bantè. Ó wá a nínú ìwé rẹ̀, kò rí i.

Ohùn tó kù ni ti Àlàkẹ́, nítorí tẹlifóònù. Bantè kò ní èyí tó lè dé òkè òkun nígbà náà. Lapóòsì, ilé ìfìwéránṣẹ́ Savalou, la ń lò. Mo máa ń ránṣẹ́ sí Baba Ràfíù, Baba Ràfíù á fi iṣẹ́ rán àwọn awakọ̀, Àlàkẹ́ á sì wá lọ́jọ́ ọjà, òun àti Pọ́ọ̀lù, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba wa, ará ìjọ aláṣọ funfun, tó gbọ́ Faransé. Àlàkẹ́ kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí tẹlifóònù. Ó gbà pé bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà tó ni kí òun kígbe tó. Nítorí náà gbogbo ẹni tó wà ní lapóòsì ló máa ń bá wa sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Ìyá." Ìyá ni mo ń pè é, ọkọ mi ni òun ń pè mí.

"Àwọn irin rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbàgbé tán?"

"Ó kù díẹ̀."

"Wọ́n ń sanwó fún un kó máa wo irin tó ń gbàgbé!" Àwọn ará lapóòsì ló ń wí fún. Mo gbọ́ ẹ̀rín. "Sọ fún wọn pé ọkọ mi àtijọ́ wà níhìn-ín. Ó gbàgbé ilé mi láàárín oṣù kan, ọ̀fẹ́ ni."

N kò ní ohun púpọ̀ tí mo lè fi yangàn. Yàrá mi kéré. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé mi lo ọdún kan gbáko kó tó dá mi lóhùn ìkíni, ọjọ́ tó sì dá mi lóhùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ra gbogbo búrẹ́dì rẹ̀. Òtútù ni ọrọ̀ mi. Ní ọjọ́ kan, Lárábì ki òdòdó róòsì kan bọ inú àsọ́ọ̀tì, ó fà á yọ, ó gbá a mọ́ tábìlì. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tánńganran. N kò lè dúró dìgbà tí ọjọ́ ọjà yóò pé kí n sọ ọ́ fún Àlàkẹ́.

"Òdòdó? Ó fọ́?"

"Ó fọ́ yángá, Ìyá! Bí ìgò!"

Ó yíjú kúrò, ó ń sọ ọ́ fún àwọn ará lapóòsì. Mo gbọ́ obìnrin kan tó sọ nǹkan ní èdè Máhì, Àlàkẹ́ sì padà sórí ẹ̀rọ.

"Wọ́n ní kí n béèrè. Ẹran ńkọ́? Bí ẹran bá bọ́ sínú rẹ̀?"

Inú mi ń dùn. Mo gbọ́ bí gbogbo ilé náà ṣe dákẹ́ tí wọ́n ń retí mi. "Ẹran náà á fọ́! Ẹ sáà fi òòlù kàn án."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," Àlàkẹ́ wí. Kò kígbe.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo sì fi ti èso ọsàn kún un. Láti ìgbà náà, kó tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, á ní, "Má fi ọwọ́ kàn án o." Pọ́ọ̀lù ní wọ́n ń sọ ìtàn náà káàkiri Bantè, àti pé wọ́n ti ń pe Àlàkẹ́ ní ẹ̀gbọ́n Olótùútù. Inú mi dùn sí èyí náà.

Mo wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àlàkẹ́ mú mi káàkiri bí ẹni ń mú ìyàwó tuntun, lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ sí i. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo ń padà, ó gún iṣu làbókó, ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìwọ á wà níbẹ̀, àbí?" N kò bi í pé níbo. Mo ní, "Màá wà níbẹ̀, Ìyá." Ó ní, "Jẹun, ó ń tutù."

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, lásìkò tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde déédéé mọ́ nílé, Màdáàmù Kolẹ́tì rí ohun tó ń wá. Ó ti mú èérún irin náà lọ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn òtútù, níbi tó yẹ kí ìgbàgbé ti dáwọ́ dúró. Kò dúró. Ó tún mú un lọ sísàlẹ̀ sí i. Ìgbàgbé náà kò falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Wọn kò ní agbára láti yí mọ́," ó ní. "Bí ẹni tí ògiri wà níwájú rẹ̀, tí kò lè gùn ún. Síbẹ̀ a ń bá wọn ní òdìkejì." Ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọmọdé. Ìdùnnú mú èmi náà, torí pé ọwọ́ mi ló rọ élíọ́mù náà.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni tẹlifóònù dún ní lábò, ní òwúrọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òòfà ńlá kúrò lára irin ni. Màdáàmù Kolẹ́tì gbé e, ó na ẹ̀rọ sí mi. Pọ́ọ̀lù ni, láti Savalou.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Sọ ọ́."

"Ìyá yín ti lọ. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ibà náà kò lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ."

N kò mọ̀ pé ibà kan wà. N kò mọ ohun tí mo kọ́kọ́ sọ. Ohun tí mo rántí ni pé mo ní, "Ẹ dúró dè mí. Mò ń bọ̀. Ẹ má sin ín."

"Ooru yìí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ gbé e lọ sí Kútọnu. Wọ́n ní yàrá tútù tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí níbẹ̀. Mo máa dé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Mo gbọ́ àwọn ará lapóòsì lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù. Àwọn náà ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Àwọn àgbà ilé náà wí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tilẹ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n ó mú mi búra, Ẹ̀gbọ́n. Lórí àìsàn. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ gbé òun sínú òtútù. Ó ní òun á fọ́."

"Á ṣe kí ni?"

"Á fọ́. Bí òdòdó yẹn. Ó ní òun fẹ́ wọ ilẹ̀ ní odindi."

"Pọ́ọ̀lù! Òtútù ibẹ̀ kọ́ ni òtútù tèmi! Ti fíríìjì ni! Ti Baba Ràfíù! Ó ti fi ọwọ́ kàn án rí!"

"Mo mọ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, 'Ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ìwọ tàbí ọkọ mi?'"

Ara ògiri ni mo fẹ̀yìn tì. Màdáàmù Kolẹ́tì ń wò mí. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ti pa ohun kan lára ẹ̀rọ rẹ̀ kó má baà máa dún.

"Ó mọ̀ pé bí wọn kò bá gbé òun sí òtútù, mi ò ní lè bá a?"

"Ó mọ̀. Ó sunkún nítorí rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ̀yin ni ọmọ. Àwọn àgbà ní ohun tí ẹ bá wí ni a ó ṣe. Bí ẹ bá ní Kútọnu, èmi á rú ìbúra mi."

Mo lè sọ Kútọnu. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, màá dé, màá bu iyẹ̀pẹ̀, màá pè é níwájú gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ sí i. Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tó ti sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó lè ṣe é, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú ohun tó ń bà á lẹ́rù títí ó fi kú, èmi tí mo sì fi ẹ̀rù náà sínú rẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lórí tẹlifóònù kan náà. Mo sì fi í sínú rẹ̀ nítorí kí àwọn ará lapóòsì lè ya ẹnu.

"Ẹ sin ín lónìí," ni mo wí.

"Ta ni yóò kọ́kọ́ bù ú?"

"Ìwọ. Bù ú, kí o sì pè é ní ìyá rẹ fún mi."

"Màá bù ú, Ẹ̀gbọ́n. Kò pọ̀n mí rí. Mi ò lè purọ́ lórí sàréè."

"O ṣeun," mo wí. Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀.

Màdáàmù Kolẹ́tì béèrè bóyá kí òun dá iṣẹ́ dúró. Mo ní rárá. Mo lọ wo élíọ́mù bóyá ó ti lọ sílẹ̀, nítorí pé n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n sin Àlàkẹ́ ní Bantè, lẹ́yìn ilé baba wa, ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Pọ́ọ̀lù wọ sùtánà funfun rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀, àwọn yòókù sì bu tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò pè é.